Ohùn Bàbá Oníwáàsí Tó Há Sínú Háàdì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní Òkè Gádà nílùú Ẹdẹ, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé iṣẹ́ yìí dára kéèyàn kọ́?", mo ti gbọ́ yín. Ẹ kì í jẹ́ kí n dáhùn tán kí fóònù yín tó dún, kí ẹ sì dìde. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tó bá ní sùúrù kà á, kí ẹni tí kò bá ní i máa lọ gun ọ̀kadà rẹ̀. Iṣẹ́ ni méjèèjì.

Ráfátù lorúkọ mi. Oníṣòwò àti àgbẹ̀ ni gbogbo agboolé wa. Ìyá mi ń ta ẹ̀pà ní oríta Sékọ́nà, ó sì fẹ́ kí n máa bá òun tà, ṣùgbọ́n èmi ní iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ni mo fẹ́, torí oòrùn Sékọ́nà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe mú mi lọ síbi iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń fún mi nígbà yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń pìtàn lé lórí. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọ̀gá Ládélé lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Awo, ọmọ ìjọ gidi, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ fi kọ́ àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó ń dún tá-tá-tá bí òjò orí páànù. Á da aṣọ bo ọwọ́ wa kí a má baà máa wo ibi tí a ń tẹ̀. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa ka Bíbélì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, á ní, "Ráfátù, tún un tẹ̀," láì gbójú sókè. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ní nǹkan tó ń lò. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí ọwọ́ ṣe ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe ló ń gbọ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù wa, Ọ̀gá wọ ẹ̀wù tó ń wọ lọ sí ìsìn. Ó gbàdúrà, ó ní kí àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí náà ṣe àdúà tiwa. Lẹ́yìn àmín, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí a ṣe ju pé kí a nu eruku ara rẹ̀ lọ. Inú ń bí wa, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan, torí òun ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí. Àgbà bá bi ọ́ pé ṣé o ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé ó yé ọ? Bẹ́ẹ̀ ni, sà, kó yé ọ, kó má yé ọ. Ọmọ tó bá ní rárá, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Lọ́jọ́ kan, mo ti ń tẹ ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ráfátù, ṣé kí n pa ẹ̀rọ yìí?"

Mo dìde díẹ̀ lórí àga, mo tẹríba. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó pa á. N kò tíì fi iṣẹ́ náà pamọ́, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Mo bú sẹ́kún.

"Kí ló dé tí o fi ní bẹ́ẹ̀ ni?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ béèrè, sà."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́, n kò pàṣẹ fún ọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ ni ẹ̀rọ yìí á máa bi ọ́ léèrè nǹkan. Kì í ṣe bàbá rẹ, kì í ṣe ọkọ rẹ, kò sì ní bínú sí ọ. Ohun tó bá béèrè tí kò bá yé ọ, rárá ni kí o fi dá a lóhùn."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ àràárọ̀. A ò ní tíì jókòó dáadáa tí á ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé kí n da tíì yìí sórí ẹ̀rọ?" Rárá, sà. "Ṣé kí n nu gbogbo iṣẹ́ àná kúrò?" Rárá, sà. Ẹnu wa wúwo níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan á ní, "Rárá, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú," Ọ̀gá á ní kó yọ ẹ jọ̀ọ́ kúrò, kó yọ ẹ má bínú kúrò.

Mo gbé e délé. Bàbá mi ní ṣé màá bá àwọn lọ sóko lọ́la, mo ní rárá. Ìyá mi wò mí títí, ó ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ mi níbẹ̀ nìyẹn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n padà wá máa ta ẹ̀pà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, màámi. Ẹ̀rọ nìkan ni mo ní kó máa kọ̀ fún. Àgbà kọ́." Ìyá mi fún un ní ẹ̀pà sísè lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì parí.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi débi pé bí mo bá ní kí n máa kà wọ́n, ẹ máa sùn. Dísíkì pẹlẹbẹ la kọ́kọ́ ń kó iṣẹ́ sí, èyí tí ooru lásán lè bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni síídì tó ń dán bíi dígí, lẹ́yìn síídì ni fúláàṣì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so mọ́ ọrùn, lẹ́yìn fúláàṣì ni háàdì, àpótí kékeré tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tó sì lè gba gbogbo ìwé tó wà ní Ẹdẹ. Èyíkéyìí tó bá dé, òfin méjì ni Ọ̀gá ní. Ọ̀nà kan ò wọjà, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó bá wà níbì kan ṣoṣo, bí ẹni pé kò sí ni. Èkejì, a kì í lé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde lọ́jọ́ tí tuntun wọlé. Jẹ́ kí àlejò sùn nílé rẹ ná kí o tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo fẹ́ ọkọ, mo bímọ, mo tọ́ wọn lábẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìjọ kan dá sílẹ̀ nílùú wa kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n á sáré wọlé pẹ̀lú omijé, wọ́n á ní iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ti sọnù, ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sọnù rárá, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n kó o sí ni. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Kò sí ohun tó dùn tó kí o dá ohun tí èèyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé Àáfà Ìmùráánà wà lára àwọn oníbàárà mi tó pẹ́ jù. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníwáàsí. Ọdọọdún nínú oṣù ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì títí di ìgbà ìṣínu, ojúde ilé wọn ni wọ́n ti máa ń túmọ̀ Kùránì. Èèyàn ń ti ìlú Ará wá, wọ́n ń ti Sékọ́nà wá. Ẹnì kan máa ń gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n kú, Àáfà kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wá bá mi, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú háàdì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ọdún rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara kásẹ́ẹ̀tì.

"Àáfà," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà kejì."

"Ìyá, èyí ti tó. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílé."

Kásẹ́ẹ̀tì wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò wọ inú àpótí tí wọ́n kó wọn sí, gbogbo rẹ̀ sì bu, kò ṣeé gbọ́ mọ́. Kò sọ fún mi. Ó ku háàdì yẹn nìkan.

Ẹni tí háàdì náà wúlò fún jù ni ìyá rẹ̀, Àlájà. Ojú wọn ti fọ́ pátápátá láti ọjọ́ pípẹ́. Tí ààwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn àsárì, Àáfà á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn, Àlájà á sì máa gbọ́ ọkọ wọn títí wọ́n á fi ṣínu. Wọ́n sọ fún mi rí pé àwọn ò rí àwòrán rẹ̀ mọ́, àwọn ò sì rántí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn yẹn, kò sí nǹkan tó ti yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọdún tó kẹ́yìn tí mo ṣiṣẹ́, oṣù ààwẹ̀ ku díẹ̀, Àáfà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé háàdì náà ka iwájú mi.

"Ìyá, kọ̀ǹpútà mi ṣe àpúdéètì lánàá. Ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó pa, ó tan. Mo ki háàdì bọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó bi mí pé ṣé kí òun tún un tò kí n lè rí i lò."

"Kí lẹ wá fi dá a lóhùn?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Ìyá, ẹni tó fi sùúrù béèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ire mi ló ń wá. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni."

N kò lè bínú sí i. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa á lára. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ẹdẹ nìkan ló lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ṣí báyìí," ni Àáfà wí, "ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Àlájà pé iná ni kò sí."

"Rárá," mo ní. "N kò ní parọ́ fún ìyá yín. Ẹ lọ ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ ohun tí mo máa ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni mo fi kó ohùn sínú háàdì yẹn, ìlànà ayé ìgbà náà ni mo sì fi to ẹrù inú rẹ̀. Àpúdéètì tuntun kò ka ìlànà yẹn sí mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà Àáfà kò rí i kà, ó kà á sí òfìfo, ó ní kí òun tún ilé tò. Àáfà gbà fún un. Ohun tó ṣe ni pé ó ya orúkọ kúrò lára gbogbo ìkòkò inú ilé náà, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọbẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá da nǹkan tuntun sí i, ó tán. Mo fi páálí wé háàdì náà, mo tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí etí ìró mi.

Gbogbo ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣe àpúdéètì yẹn. Kò sí èyí tí mo lè fọkàn tán láti fi ṣí i. Bí a bá ń wá ẹ̀rọ tó ṣì mọ ìlànà àtijọ́, mo mọ ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ju nǹkan nù.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Awo. Ọ̀gá Ládélé ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ojú yẹn ṣì le. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o ti dán ohunkóhun wò lórí rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o ti kó nǹkan kan sínú rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ kan wà ní Òṣogbo tó ní kíákíá lòun máa ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ṣé kí n pè é fún ọ?"

"Rárá, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, n kò mọ̀ pé ó ní àlàfo láàárín eyín. Ó mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ àtijọ́ wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, kò sí eruku lára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń ní kó gbé e jù nù, rárá ló sì ń dá òun lóhùn. Ọ̀gá ò tíì jẹ́ kó ṣe àpúdéètì kankan láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo gbé e padà sí Ẹdẹ lórí itan mi bí ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ náà kò yá, kò sì yẹ kó yá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ra háàdì tuntun tí màá máa kó ohun tí mo bá rí sí, torí èèyàn kì í da ohun tó ń ṣà padà sínú ibi tó ti ń ṣà á. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ Ọ̀gá máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo gbogbo igun háàdì Àáfà. Nẹ́pà mú iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó tì í, mo ń ka ọ̀rọ̀ tó bá mú wá, mo ń fi rárá dá èyí tó pọ̀ nínú wọn lóhùn. Nígbà tó yá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ ọ̀kan, mo gbọ́ "Bísímílááhì" ní ohùn Bàbá Oníwáàsí, mo sì gbé orí lé tábìlì, mo sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti lọ. Nọ́ńbà lásán ló wà lára gbogbo rẹ̀. A ò mọ èyí tó ṣáájú, a ò mọ ọdún tó jẹ́. Àáfà kò lè ràn mí lọ́wọ́, torí ìlú Ìlọrin ló ti ń kéwú ní gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe wáàsí wọ̀nyẹn. Ó wá ku ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn àsárì, a gbé ẹ̀rọ lọ sí yàrá Àlájà. Àáfà ti sọ òótọ́ fún wọn. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ní kí a jẹ́ kí àwọn gbọ́. Mo tẹ àkọ́kọ́.

Àlájà tẹ́tí. "Ẹ gbọ́ àkùkọ yẹn? Àkùkọ Ìyá Sàká ni. Ọdún tí a fẹ́ pa á kó tó sá lọ nìyẹn."

Mo tẹ èkejì.

"Wọ́n ń kan páànù nílé ẹ̀gbẹ́. Ọdún tí Sìkírù kọ́ ilé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Òjò ń rọ̀ nínú ọ̀kan, Àlájà sọ ọdún rẹ̀. Ọmọ ń sunkún nínú òmíràn, Àlájà ní, "Àbúrò rẹ nìyẹn, Ìmùráánà. Eyín ló ń hù." Ohun tí ọkọ wọn ń sọ gan-an, wọn ò tíì dé orí rẹ̀. Ariwo ilé àti ti àdúgbò tó wà lẹ́yìn ohùn náà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Èmi ń tẹ orúkọ tí wọ́n bá sọ, Àáfà ń nu ojú, kò sì fi pamọ́ fún wa. Mo ti ṣiṣẹ́ yìí títí irun mi fi funfun, n kò rí ẹni tó mọ inú háàdì tó Àlájà.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá Oníwáàsí ń túmọ̀ lọ bí ìṣe wọn. Bí wọ́n ṣe dé àárín ọ̀rọ̀, wọ́n dúró. A gbọ́ tí wọ́n yí ojú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tí wọ́n sì pe ẹnì kan tó wà nínú ilé.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé omi ìṣínu wà?"

Kò sẹ́ni tó ń pe Àlájà lórúkọ yẹn mọ́. Gbogbo àwọn tó lè pè é ti lọ. Mo wo Àáfà, Àáfà wo ilẹ̀. Àlájà gbé orí sókè síbi tí ohùn náà ti wá, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Omi wà."

Bàbá Oníwáàsí ní kí Ọlọ́run san án ní ẹ̀san rere, wọ́n sì ń bá wáàsí wọn lọ.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ yẹn ni mo fẹ̀yìn tì. Ohùn náà ti wà ní ibi mẹ́ta báyìí, mo sì ti dá ẹ̀rọ Ọ̀gá padà sábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀ ní Awo. Tí ẹ bá wá kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n á kọ́ yín láti máa sọ fún ẹ̀rọ pé rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ dáadáa. Èmi náà ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn wí lórí rẹ̀. Àlájà nìkan ni mo gbọ́ tó dá ẹ̀rọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí n kò sì bá wọn wí.